Fọ́tò Marina kì í ṣe ẹ̀rí pé Èkó mọ́

Ẹ̀gbọ́n wa kan tún ti gbé e sórí WhatsApp ẹbí láàárọ̀ àná: fọ́tò Marina ayé àtijọ́, àwọn ilé funfun tò lọ rẹrẹ, igi wà létí omi, títì dá páropáro. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo bí Èkó ṣe mọ́ tónítóní nígbà yẹn!" Kí n tó dé ibẹ̀, gbogbo ẹbí ti ń kẹ́dùn pé ayé ti bàjẹ́.

Ó ti sú mi.

Marina nìkan kọ́ ni Èkó. Ibẹ̀ ni ilé gómìnà wà, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ́lé sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn onífọ́tò ń gbé kámẹ́rà lọ, torí òyìnbó ń ra káàdì tó ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára láti fi ránṣẹ́ sílé. Ta ló fẹ́ fi gọ́tà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Liverpool?

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì ń jà títí di 1930. Ṣé ìlú tó mọ́ tónítóní nìyẹn? Torí àrùn yẹn ni ìjọba ṣe dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, kí wọ́n lè wó àwọn ilé tó há mọ́ra, kí wọ́n sì tún ìlú tò. Iṣẹ́ ọ̀hún ò tán bọ̀rọ̀. Ní 1955, ọdún 31 lẹ́yìn tí àrùn wọlé, wọ́n ṣì ń wó ilé láàárín Èkó, wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Surulere, wọ́n ní àdúgbò wọn dọ̀tí. Ìjọba òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ní Èkó dọ̀tí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fọ́tò lórí fóònù lẹ ní rárá o.

Àwọn kan á ní ṣebí wolé-wolé wà nígbà náà. Ó wà. Bí ìlú bá mọ́, kí ni wolé-wolé ń wọlé wá wò?

Mo gbà pé ọ̀rá náílọ́nù ò tíì dé nígbà náà, èrò ò sì pọ̀ tó báyìí. Ó parí síbẹ̀.

Fọ́tò ilé ìyá ìyá mi ní Láfíàjì wà lọ́wọ́ mi. Iwájú ilé ni wọ́n yà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún, àwọn àgbà jókòó sórí àga tí wọ́n yá lọ́wọ́ ará ilé kejì. Èmi sùn nínú ilé yẹn ní kékeré. Ẹ̀yìnkùlé ni garawa ìgbẹ́ wà. Bí agbépóò bá wá gbé e lóru, a ó díbọ́n bí ẹni tó ti sùn, torí wọ́n ní ẹni tó bá bú u, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ló máa dà á sí. Kò sẹ́ni tó pe onífọ́tò wá síbẹ̀.

Wọ́n ti wó ilé náà, ó ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ju fọ́tò yẹn lọ, wọ́n ní ó jọ ààfin. Mo sọ ti garawa fún wọn, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa.