Èsì wa sí oníbàárà tó fún Àpótí Ìjì àti Òkùnkùn ní ìràwọ̀ kan

Ẹ kú ilé o, Bàbá wa. A rí àríwísí tí ẹ kọ sí abẹ́ ọjà wa, a sì dúpẹ́ pé ẹ wá àyè kọ ọ́. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún ni ẹ fún Àpótí Ìjì àti Òkùnkùn, àpótí tí a kó àtùpà sólà àti páwá báǹkì sí fún ìgbà tí ìjì bá mú iná lọ. Ẹ ní a pẹ́ kí a tó gbé e dé, pé àtùpà rẹ̀ kú láàárín wákàtí mẹ́rin, pé páwá báǹkì inú rẹ̀ kò tó ohun tí a kọ sí i lára, pé kò sí omi, kò sí àbẹ́là, pé ẹja inú fíríísà yín bàjẹ́, àti pé òṣìṣẹ́ wa yájú sí yín lórí fóònù. Ẹ tún ní ₦68,500 ti pọ̀ jù, nítorí pé Ìbàdàn kì í ṣe Amẹ́ríkà tí ìjì líle ti ń jà. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran; nítorí náà ni a ṣe fẹ́ dáhùn ní gbangba, kí àwọn tó ń ronú láti ra àpótí náà lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2025, ni owó yín wọlé, nígbà tí a ti ti ilẹ̀kùn. A kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i pé ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni a fi ń gbé ọjà dé ibikíbi nínú Ìbàdàn. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28, ni ọlọ́kadà wa kúrò ní Dùgbẹ̀, ọmọbìnrin yín sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gba àpótí náà ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ni ìjì tí ẹ ń sọ jà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àpótí náà ti wà nínú ilé yín, a kò sì mọ bí a ṣe ń pe ìyẹn ní pípẹ́.

Ohun tó wà nídìí gbogbo ẹjọ́ yìí ni gbólóhùn kan tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, pé alẹ́ ọjọ́ tí iná lọ ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já tépù ara àpótí náà. Àtùpà sólà àti páwá báǹkì kì í kún nígbà tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ dé. Ìlàjì tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú wọn, nítorí pé kò dára kí a máa kó bátìrì irú èyí pamọ́ ní kíkún fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sórí ọmọrí pé kí ẹni tó bá rà á ṣáájì méjèèjì lọ́jọ́ tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà náà ní ìpele mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ pé ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán kí ó tó kú, èyí tó fi hàn pé ìpele tó ga jù ni ẹ fi í sí. Ẹni tí ìlàjì agbára wà nínú àtùpà rẹ̀, tó tàn án débi tó ga jù, tó sì rí wákàtí mẹ́rin lò, kò yẹ kó bínú. Ìpele tó kéré jù, tó tó láti fi rí ilẹ̀ àti láti fi wá oògùn, ì bá tàn di òwúrọ̀.

Ní ti páwá báǹkì, ẹ ṣírò pé níwọ̀n ìgbà tí a kọ 20,000 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà) sí i, ó yẹ kí ó kún fóònù oní-5,000 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìṣirò náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní fólítì 3.7 ni a fi ń wọn 20,000 yẹn nínú bátìrì. Nígbà tí ó bá ń jáde sínú fóònù ní fólítì 5, ó di nǹkan bí 14,800, apá kan nínú ìyẹn sì tún ń bá ooru lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ojúlówó fi ń kún irú fóònù bẹ́ẹ̀, ohun tí a sì kọ sínú ìwé pélébé wa nìyẹn. Ẹ ní ẹ rí èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí lára lọ́jà, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì tiwa, tí kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ lọ rà á.

A kì í kó omi sínú àpótí náà, a kò sì sọ rí pé a ń kó o. Ẹnì kan nílò nǹkan bí lítà mẹ́rin lóòjọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ènìyàn márùn-ún bíi tiyín yóò nílò lítà 60, èyí tó jẹ́ àpò omi mẹ́fà, nítorí pé ogún ọ̀rá oní-sẹ̀ǹtílítà 50 ló wà nínú àpò kan. Kò sí àpótí alápamọ́wọ́ tó lè gba ìyẹn. Àbẹ́là ní tirẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, nítorí pé alẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé aṣọ fèrèsé kì í ṣe alẹ́ tí a ń tan iná tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fíríísà tó kún, tí a kò sì ṣí, lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 48, èyí tó kún dé ìlàjì á tó 24. Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ìgbà ni ẹ ń ṣí i wò bóyá ẹja náà ti ń yọ́. Ẹja tí à ń ṣí wò á yọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kò lè bá yín jiyàn lé lórí, ẹ̀bẹ̀ la fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ ní nígbà tí àtùpà kú, tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Èéfín rẹ̀ ní májèlé kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá ń fà á símú á kàn rò pé orí ń fọ́ òun tàbí pé oorun ń kun òun, ó sì lè má jí mọ́. Ṣíṣí fèrèsé kò tó. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, bí òjò bá sì ń rọ̀, kí ẹ pa á títí yóò fi dá. Ojú ìwé kejì nínú ìwé pélébé wa ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí a ń pè káàkiri Nàìjíríà.

Ní ti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí ẹ pe ara yín ní ọmọ bíbí Ìbàdàn kò yẹ kí ẹ gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tàbí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá lọ, tó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí irú ìsinsìnyí, ni ìjì tó ń ká páànù sábà máa ń le jù.

Òṣìṣẹ́bìnrin tí ẹ ní ó yájú ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún 2019. Ohun tó bi yín ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti ka ìwé inú rẹ̀?” A gbọ́ ohùn náà padà. Bóyá ó kúnlẹ̀ nígbà tó ń bi yín ni a kò lè jẹ́rìí sí, nítorí pé fóònù kì í fi ìyẹn hàn.

Síbẹ̀, ẹ gbé àpótí náà wá sí Dùgbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, títí kan ìwé pélébé tí a kò rò pé ọwọ́ ti kàn. A óò ṣáájì páwá báǹkì náà kún níṣojú yín. Bí kò bá lè kún fóònù oní-5,000 ní ẹ̀ẹ̀mejì, a óò dá gbogbo owó yín padà, a óò san owó ọkọ̀ yín àlọ àti àbọ̀, ẹ ó sì mú àtùpà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ẹja ni a kò ní lè san.

Ohun kan ló kù tí kò yé wa. Ẹ kọ ọ́ pé páwá báǹkì náà ti kú pátápátá ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, pé epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, àti pé iná kò tíì dé títí di ìgbà tí ẹ ń kọ̀wé. Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, ni àríwísí yín wọlé, ó gùn, ó sì ní àwòrán mẹ́fà. Inú wa dùn pé fóònù yín rí ibi kan gba agbára.