Àtúnṣe: Omi gbígbóná kò lè tún bọ́dì Corvette ṣe

Wọ́n ń pín in kiri pé bí èèyàn bá da omi gbígbóná sí ibi tí bọ́dì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré bíi Corvette ti tẹ̀, tó sì fà á, yóò padà bọ̀ sípò. Irọ́ ni, àyàfi bóyá fún bọ́ńpà oníke. Láti ọdún 1953 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Corvette ní Amẹ́ríkà, fáíbà (okùn gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n fi ike lẹ̀ pọ̀) ni wọ́n fi ń ṣe bọ́dì rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kì í tẹ̀ bí irin, ńṣe ló máa ń sán. Ohun tó dà bí ọ̀dà tó kàn ha lásán lè jẹ́ ojú ibi tó ti sán. Ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò ha ibẹ̀ dénú, yóò fi fáíbà tuntun dí i, kó tó kùn ún.