Ta Ni Yóò Máa Já Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́jọ́ Iwájú?

Inú mi kò tíì rọ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ìpàdé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ní kí ará ìlú wá gbọ́ bí ètò ìrìnnà, ọrọ̀ ajé àti òṣèlú yóò ṣe rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lọ́jọ́ iwájú. Kì í ṣe pé àwọn tó sọ̀rọ̀ kò mọ̀wé. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀ tì, nítorí pé ẹnu ìyá tó ń ta gàrí ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé ó ń dí ìpàdé lọ́wọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa pápákọ̀ òfurufú tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìperu, ó ní ibẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn wa yóò ti máa gbéra lọ sí òkè òkun. Ẹnì kejì dojú ọ̀rọ̀ kọ rélùwéè, ó ní ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Tirẹ̀ wọ̀ mí létí, nítorí ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun àwa Ìjẹ̀bú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ojú irin láti Èkó, tó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Abẹ́òkúta ló gbà. Nígbà tí wọ́n tún la tuntun, èyí tó gùn ní kìlómítà 157 tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Abẹ́òkúta náà ló tún gbà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa, ìpínlẹ̀ náà ti láṣẹ láti la tirẹ̀. Ẹnì kẹta sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì dípò bẹntiróòlù, ó sì fi dá wa lójú pé owó ọkọ̀ yóò wálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú béèrè ìbéèrè, ìyá kan dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó máa ń lọ kó gàrí ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, á sì gbé e lọ tà ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìkánjú ṣe: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin gbọ́dọ̀ wà nínú àpò lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó kan dáadáa, kí wọ́n tó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án gbẹ. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ìyá ní èrè òun kì í délé mọ́, ojú ọ̀nà ló ń tán sí.

Ó kà á fún wa lẹ́sẹẹsẹ. Bí ó bá ti gbé àpò dé gáréèjì, alábàárù á gba tirẹ̀, wọ́n á díye lé òun fúnra rẹ̀, wọ́n á sì tún díye lé àpò kọ̀ọ̀kan. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọmọkùnrin kan á já tíkẹ́ẹ̀tì fún awakọ̀. Bí wọ́n bá dé ìlú kejì, ẹlòmíràn á na tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tí orúkọ tó wà lára rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Kí wọ́n tó já sí ọ̀nà márosẹ̀ ní Mọbalùfọ̀n, awakọ̀ á ti máa kùn, kò sì ní kùn sí àwọn tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, orí àpò gàrí ni yóò ti gbà á padà. Kí ọdún 2023 tó dé, ìyá ní ó ṣe é fara dà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, tí lítà epo kan tí kò tó 200 náírà di ohun tó ju 600 lọ kí oṣù keje tó parí, tó sì ju 1,000 lọ kí ọdún 2024 tó lọ tán, awakọ̀ fi tirẹ̀ lé e, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì náà fi tirẹ̀ lé e, nítorí pé ọjà kan náà ni gbogbo wọn ti ń ra oúnjẹ.

Ó wá béèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ tó ń lo gáàsì yìí, àti rélùwéè tí ẹ fẹ́ gbé wá, ta ni yóò máa já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì rẹ̀?”

Ẹni tó ń darí ètò dáhùn pé: “Màmá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú la wá sọ níbí, ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn ọmọ gáréèjì sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá jókòó. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ sì padà sórí ọkọ̀ òfurufú.

Mo lọ bá ìyá náà nígbà tí a jáde. Ó sọ fún mi nípa ìrìn àjò kan ní ìgbà òjò, tí wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró lẹ́bàá ọ̀nà nítorí pé awakọ̀ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti san méjì ṣáájú. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni òjò dé, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ẹrù kò sì bo gbogbo rẹ̀. Gàrí tí omi bá ti kàn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rà ní Èkó. Owó tí ó fi ra ẹrù náà, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dá àjọ ló ń retí rẹ̀, ó sì san án tán nínú owó tí ó fi pa mọ́ fún ilé ìwé ọmọ. Kò sí ẹni tó lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí kò mọ ẹni tó rán àwọn ọmọ náà níṣẹ́.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lọ́jọ́ náà, ìbéèrè ìyá yìí nìkan ló so ìrìnnà, ọrọ̀ ajé àti òṣèlú pọ̀, òun náà sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà nítòsí jù lọ. Ìwé òfin ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ dídá gáréèjì sílẹ̀, títọ́jú rẹ̀ àti dídarí rẹ̀, bí ó ti ni ti ọjà àti ilé ìpẹran. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 lórí irú owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà fi owó gáréèjì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba gan-an, dí ojú ọ̀nà láti gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn láti Àbújá. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kò nílò owó yíyá láti Ṣáínà, kò sì nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ mínísítà kankan. Èyí tó wà ní ìkáwọ́ wa yìí gan-an ni wọ́n ní kí ìyá fi sílẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ó sì yẹ kí ó yé àwa Ìjẹ̀bú ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀nà àti owó bodè wà lára ohun tó fún ilẹ̀ wa lágbára láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè, nítorí ọ̀nà náà sì ni Carter, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe kó ogun wá bá wa ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n. Oníbodè ìgbà náà ń gba owó, ṣùgbọ́n ará ìlú mọ ẹni tó rán an. Lónìí, èmi tí mo ka ìwé òfin kò lè sọ fún ìyá ibi tí owó orí àpò gàrí rẹ̀ ń lọ.

Àwọn kan á ní mo lòdì sí ìdàgbàsókè. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí gáàsì bá dín owó epo kù, tí tíkẹ́ẹ̀tì kò dín, kí ni yóò mú awakọ̀ dín owó ẹrù? Bí rélùwéè bá sì dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la, ìyá ṣì ní láti wọ ọkọ̀ láti abúlé kó tó dé ìdí rẹ̀, gáréèjì kan náà ni yóò sì ti wọ̀ ọ́. Ohun tó ń pa àwọn olóṣèlú lẹ́nu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin: bí ìdìbò bá dé, gáréèjì ni wọ́n ti ń kó ọkọ̀ àti èrò lọ síbi ìpolongo.

Èrò tèmi ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ri pátákó mọ́ ẹnu gáréèjì, kí wọ́n kọ iye tí òfin gbà sára rẹ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì gba ọkọ̀ kọjá láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù láìsí ẹni tí yóò dá a dúró. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ èyí ni ọ̀rọ̀ Èkó ń dà mí láàmú. Ìjọba ibẹ̀ kó owó tí àwọn awakọ̀ ń san pọ̀ di 800 náírà lóòjọ́ ní oṣù kejì ọdún 2022, síbẹ̀ kí ọdún náà tó parí, àwọn awakọ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ pé oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ti pọ̀ jù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan sì wà lára àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kàwé, iṣẹ́ ni kò rí, ó ní ìyàwó àti ọmọ, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ó bá gbà ló sì ń kó fún ẹni tó fi í síbẹ̀. Mo bi í pé kí ni yóò ṣe bí wọ́n bá fòpin sí i. Ó ní: “Àǹtí, ẹ wá iṣẹ́ fún mi kí ẹ tó gba èyí lọ́wọ́ mi.” N kò rí èsì fọ̀ fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó yẹ kí wọ́n pe òun àti ìyá náà sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn ṣáájú ti pápákọ̀ òfurufú. Bóyá owó ẹrù yóò tibẹ̀ wálẹ̀, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.