Owó iṣẹ́ ni King ń jà fún nígbà tí wọ́n pa á

Bí oṣù kìn-ín-ní bá ti dé báyìí, àwòrán Martin Luther King, ọkùnrin tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, á kún orí Facebook, gbogbo wa á sì máa sọ nípa àlá rẹ̀ pé dúdú àti funfun á jọ wà bí ọmọ ìyá lọ́jọ́ kan. Èmi náà fẹ́ràn àlá yẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fetí sí ọ̀rọ̀ tó sọ ní Washington lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963 láti ìbẹ̀rẹ̀ á gbọ́ pé ọ̀rọ̀ owó ló ṣáájú àlá náà. Ó ní Amẹ́ríkà kọ sọ̀wédowó fún àwọn èèyàn dúdú, wọ́n gbé e dé báǹkì, wọ́n ní kò sówó níbẹ̀. Lára ohun tí ìwọ́de ọjọ́ náà ń béèrè ni pé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù tó dọ́là 2 ní wákàtí kan. Ìyẹn á tó nǹkan bí dọ́là 20 lónìí. Iye tí òfin ìjọba àpapọ̀ ń sọ láti ọdún 2009 ńkọ́? Dọ́là 7.25.

Ẹ wá wo Memphis, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1968, òjò ń rọ̀, àwọn akólẹ̀ méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pàǹtírí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdọ̀tí pọ̀ ṣàdédé ṣiṣẹ́, ó tẹ̀ wọ́n pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ké lórí ọkọ̀ wọ̀nyẹn tipẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba ìlú ti lé àwọn òṣìṣẹ́ dúdú kan lọ sílé nítorí òjò, wọn ò san owó ọjọ́ náà pé, àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun sì gba tiwọn láìdín kọ́bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 12, nǹkan bí 1,300 èèyàn da iṣẹ́ sílẹ̀.

King lọ bá wọn. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ orí òkè tó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mason Temple lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin, níbi tó ti ní òun ti dé orí òkè, òun sì ti rí ilẹ̀ ìlérí. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, ó ní kí wọ́n má ra Coca-Cola mọ́, kí wọ́n má ra búrẹ́dì Wonder, kí wọ́n kó owó wọn kúrò ní báǹkì àárín ìlú lọ sí Tri-State, báǹkì àwọn èèyàn dúdú. Àfi bí ìyálọ́jà tó ń pín iṣẹ́ fún ẹgbẹ́! Ọjọ́ kejì ni wọ́n yìnbọn pa á. Ọjọ́ 16 oṣù náà ni ìlú tó bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tọ́jú arúgbó ní Maryland, bíi tọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n fi ń rántí King, ilé iṣẹ́ wọn gbé àwòrán ọkùnrin náà síta, àwọn ará ọ́fíìsì jókòó sílé, owó wọn ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀ fún arúgbó, ó pààrọ̀ dáípà, ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Owó tí wọ́n ń san fún un lójoojúmọ́ náà ni wọ́n san.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé òfin ò fi dandan lé e pé kí wọ́n fowó kún un lọ́jọ́ ìsinmi. Mo mọ̀. King ló kọ̀wé láti ẹ̀wọ̀n Birmingham ní 1963 pé òfin tó tọ́ wà, èyí tí kò tọ́ náà wà. Inú lẹ́tà yẹn ló ti sọ pé àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó ń ní kí èèyàn ṣe sùúrù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdènà ju Ku Klux Klan lọ, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń fi ìwà ipá dẹ́rù ba àwọn èèyàn dúdú. Tí ẹ bá sì fẹ́ òótọ́, àwọn èèyàn wa níbí náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ẹ rọra o, ẹ ṣáà ń rí owó fi ránṣẹ́ sílé.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, yálà ní Houston tàbí ní London: tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ni ẹ ṣiṣẹ́, èló ni wọ́n ń san fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ yín, iye yẹn nìkan la fẹ́ rí.