Ẹ Ṣí Fèrèsé Aláìsàn Yẹn

Inú ń bí mi láti àná. Mo lọ kí bàbá ọ̀rẹ́ mi kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta níta, àmọ́ yàrá bàbá ṣú. Kọ́tìnì bo fèrèsé pátápátá, gílóòbù kan ló ń tàn lókè tọ̀sán-tòru. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Káalẹ́ o, ọmọ mi." Àwọn ará ilé ń wo ara wọn, wọ́n ní ọpọlọ bàbá ti ń dàrú.

Ọpọlọ kọ́! Ẹ kò jẹ́ kí wọ́n rí ojúmọ́ ni.

Nígbà tí àìsàn yìí kan náà kọlu màmá mi, inú ìyẹ̀wù la gbé wọn sí kí aráyé má baà rí wọn. Tí a bá gbé ẹ̀kọ òwúrọ̀ dé, wọ́n á ní ṣebí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun alẹ́ tán ni. Lóru, ojú wọn á là kedere. Ẹni tó ń bá wọn na ẹsẹ̀ á dé, wọ́n á ní ó di ọ̀la. Ọ̀la wo? Ọ̀la kò sí nínú yàrá yẹn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, ooru pọ̀, àbúrò mi bá gbé wọn jáde síwájú ilé. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Ìyá alákàrà á kọjá: "Ẹ káàárọ̀ mà." Àwọn ọmọ iléèwé á dé: "Ẹ káàsán mà." Tí oòrùn bá rọlẹ̀, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á ní, "Ẹ kúrọ̀lẹ́ mà." Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọmọ kan ṣèèṣì kí wọn ní "ẹ káàárọ̀", tí màmá dáhùn pé, "Ọ̀sán ti pọ́n, ọmọ mi." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Oorun òru wọn padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí ẹni tó ń na ẹsẹ̀ wọn máa dé.

Èrò mi ni pé àkókò ni àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń kọ́kọ́ jí lọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, kí ló fẹ́ torí ẹ̀ dìde? Aago wà nínú ọpọlọ wa, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tún un ṣe. Lọ́dún 1962, Michel Siffre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ fún oṣù méjì láìmú aago dání. Nígbà tí wọ́n ní kó jáde ní September 14, August 20 ló pè é. Ọmọ ọdún 23 tí ara rẹ̀ le nìyẹn o! Ẹ̀yin tí ẹ máa ní oògùn ló wo màmá mi, oògùn kan náà ni wọ́n ń lò nínú ìyẹ̀wù.

Àmọ́ nǹkan kan kò jẹ́ kí n sùn lóru àná. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni, àbí ìkíni? Ká ní ibi tó mọ́lẹ̀ rekete la gbé wọn sí, tí ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́? Mi ò lè sọ.

Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kó gbé àga bàbá síwájú ilé. Ó ní òun á bi ẹ̀gbọ́n òun. Kò tíì pè mí padà.