Àpò tó ń san owó lọ́yà ìjọba ló yẹ kó san ti ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún

Èrò ọkàn mi rèé, mo sì mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú.

Bí ilé ẹjọ́ gíga bá dájọ́ ikú fún ènìyàn ní Nàìjíríà, 90 ọjọ́ ló ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bá fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, 30 ọjọ́ ló ní láti gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ l'Ábújá. Ìwé òfin 1999 ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kankan. Ó dáa. Ta ló máa bá a kọ ìwé náà? Ta ló máa gbé e lọ?

Nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ lákọ̀ọ́kọ́, òfin ò gbà kí ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ lè já sí ikú dá nìkan dúró níwájú adájọ́. Bí kò bá lówó, kóòtù á yan lọ́yà fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti ka ìdájọ́ tán ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ máa ń parí. Á bọ́ aṣọ dúdú rẹ̀, á kó ìwé rẹ̀, á gba ilé lọ. Oníbàárà rẹ̀ á wọ ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n padà sí Kirikiri. Òfin ti ń ka ọjọ́ dè é nìyẹn.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́yà ìjọba tó pè é lẹ́jọ́ ń gba owó oṣù lọ. Bí ẹjọ́ bá dé Àbújá, ìjọba náà ló máa rán an lọ. Owó gbogbo wa ni. Kí ló dé tí àpò yìí fi ń ṣí fún ẹni tó ń wá ìdájọ́ ikú, tó sì ń dì pa fún ẹni tí wọ́n fẹ́ pa?

Àwọn kan rò pé kí lọ́yà kàn dìde kó sọ̀rọ̀ dídùn ni ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Rárá o, ìwé ni. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ni adájọ́ ṣì fi ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Kí ẹjọ́ tó gòkè, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, láti orí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ dé ìdájọ́, kí wọ́n dì í pọ̀ mọ́ ìwé ìjẹ́wọ́ tí ọlọ́pàá mú wá, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Inú ìwé ìjẹ́wọ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí: ṣé wọ́n na ẹni náà kó tó fọwọ́ sí i? Ṣé ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́? Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni láti kó àwọn ìwé yìí jọ, a mọ̀, ṣùgbọ́n fáìlì ẹni tí kò lẹ́ni tó ń wá bi akọ̀wé léèrè ló máa ń wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ tún le sí i. Ìyá tó wà lábúlé ò mọ yàrá tí wọ́n ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ta ilẹ̀ bàbá wọn fi san owó lọ́yà àkọ́kọ́. Lọ́yà aláàánú lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnìkan tàbí méjì, àwọn tó ń dúró de ikú lẹ́wọ̀n wa sì lé ní 3,000.

A ti rí ibi tí àìsí kòtẹ́milọ́rùn ń gbé ènìyàn dé. Láyé ológun, tíríbúnà, ìyẹn kóòtù àkànṣe tí kò ní kòtẹ́milọ́rùn, ló ń dájọ́ ikú fún adigunjalè. Gómìnà ológun fọwọ́ sí i, ó parí. Ọkùnrin kan tí irú tíríbúnà bẹ́ẹ̀ dájọ́ fún ní 1995 ni wọ́n mú dé ibi ìyẹgi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Benin ní oṣù kẹfà 2013, lọ́jọ́ tí wọ́n yẹgi fún ẹni mẹ́rin. Ó bọ́ nítorí pé ìbọn ni ìdájọ́ tirẹ̀ sọ, wọn ò lè fi okùn pa á. Lọ́dún 2014, gómìnà Kàdúná foríjì í, ó sì padà sílé.

Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti 1976. Èkó dá Office of the Public Defender tirẹ̀ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà ní 2000. Kí wọ́n yọ ẹ̀ka kan nínú wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní ju ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún. Ọjọ́ ìdájọ́ náà ni kí akọ̀wé kóòtù ti fi tó wọn létí, kí lọ́yà tuntun sì gba fáìlì. Tuntun ni mo wí, torí ẹni tó ṣe ẹjọ́ àkọ́kọ́ ò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tó yẹ. Kí wọ́n ya owó títẹ ìwé sọ́tọ̀, kí owó oṣù wọn sì bá ti àwọn lọ́yà ìjọba dọ́gba.

Ẹ máa ní ilé ìwòsàn ò ní bẹ́ẹ̀dì, à ń náwó lé apànìyàn lórí. Ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ń sunkún, mi ò fojú kéré ẹkún rẹ̀. Àmọ́ òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà ni wọ́n mú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019 ní bí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún bá ti lo gbogbo ọ̀nà kòtẹ́milọ́rùn tán, tí 10 ọdún sì kọjá láìpa á, Adájọ́ Àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tí kò rí lọ́yà gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, báwo ló ṣe fẹ́ lò ó tán?

Bí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yín bá tún jókòó lórí ìṣúná, ẹ bi aṣojú yín: èló ló wà níbẹ̀ fún lọ́yà àwọn èèyàn yìí?