Asbestos kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn Navy nìkan: ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún bàálù ológun ṣe ní Amẹ́ríkà, ó kàn yín

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà àti lẹ́nu àwọn ọmọ wọn, mo sì fẹ́ ká yanjú ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ asbestos, ìyẹn òkúta onífọ́nrán tí iná kì í jó tí eruku ẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bá ti délẹ̀, wọ́n á ní àwọn Navy ló kàn, àwọn tó sùn nínú ọkọ̀ ojú omi tí páìpù ń gba orí wọn kọjá. Ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá tó ń tún bàálù ṣe nínú Air Force ò ka ara ẹ̀ mọ́ ọn rárá. Àwọn míì á tún fi kún un pé ká tiẹ̀ ní ó kàn wá, sójà ò lè pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì ti lé lógójì ọdún, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ ò tán o. Ìdajì tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ ló ń jẹ́ káwọn èèyàn gbé ìdajì tó jẹ́ irọ́ mì, tí owó tó yẹ kó dé ọwọ́ aláìsàn tàbí opó ẹ̀ fi ń ṣòfò.

Mi ò jiyàn pé ọkọ̀ ojú omi ogun kún fún asbestos. Àmọ́ kí ni wọ́n tiẹ̀ ń lò ó fún? Iná ò ràn án, ooru ò sì tètè bà á jẹ́. Ó dáa, ibo ló tún gbóná tó ẹ́ńjìnnì bàálù ogun, àbí bíréèkì bàálù tó wúwo tó sì balẹ̀ pẹ̀lú eré tó ju 200 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó o sínú páàdì bíréèkì, sínú gáskẹ́ẹ̀tì, sínú aṣọ tí wọ́n fi ń wé páìpù èéfín, sínú ògiri tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kí iná má bàa ràn wọlé, sára wáyà iná, àti sínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan. Kódà ìbọ̀wọ́ tí mẹkáníìkì ń wọ̀ kí irin gbígbóná má bàa jó o, asbestos ni wọ́n fi hun púpọ̀ nínú ẹ̀.

Bíréèkì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Wọ́n á yọ táyà, wọ́n á tú bíréèkì sílẹ̀, eruku tó kúnná lẹ́búlẹ́bú á sì ti dì síbẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí bàálù bá balẹ̀ ni páàdì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń nù ún? Páìpù afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa fà wá, wọ́n á fẹ́ ẹ fùù, eruku á gba ojú, á gba imú, á sì bà lé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà lápá kejì tí kò fọwọ́ kan bíréèkì rí. Ẹlòmíì á fi sáńpépà fá páàdì tuntun kó lè jókòó dáadáa. Gáskẹ́ẹ̀tì tó bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ha á, tàbí búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìbòmú kankan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé eruku yẹn lè pààyàn. Aṣọ tí wọ́n fi ṣe é náà ni wọ́n máa wọ̀ délé, ìyàwó á gbọ̀n ọ́n kó tó fọ̀ ọ́. Ìyàwó yẹn náà lè ṣàìsàn, mo sì fẹ́ kẹ́yin ọmọ rántí ìyẹn tí ìyá yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìṣòro mímí. Ní California, kọ́ọ̀tù tó ga jù níbẹ̀ sọ ní 2016 pé ojúṣe ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ ará ilé òṣìṣẹ́ tó gbé eruku asbestos wálé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ló gba bẹ́ẹ̀.

VA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìlànà tiwọn gan-an ka títún bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ṣe mọ́ àwọn iṣẹ́ tí asbestos ti lè wọ èèyàn lára. Torí náà ẹni tó bá sọ pé Navy nìkan ni, kò tíì ka ohun tí VA fúnra ẹ̀ kọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àìsàn yìí kì í yára jáde. Fọ́nrán asbestos kéré débi pé ojú ò lè rí i, tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró tán, ibẹ̀ ló máa wà. Mesothelioma, jẹjẹrẹ tó ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, sábà máa ń gbà tó 20 sí 50 ọdún kó tó fojú hàn, ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ eruku bíréèkì ní 1978 lè má mọ̀ nǹkan kan títí di òní. Asbestosis náà wà, tó ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle, àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ làwọn bàbá tó ti mu sìgá rí ti máa ń sọ pé "sìgá ló ṣe mí báyìí," tí wọ́n á sì panu mọ́. Ẹ má gbà fún wọn. Sìgá kì í fa mesothelioma. Tó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, sìgá àti asbestos papọ̀ ń jẹ́ kí ewu ẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti ọ̀kan nínú wọn lọ, sìgá ò pa asbestos rẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún dókítà, torí tẹ́ ò bá sọ, ó lè má béèrè.

Ó yá, ká wá sórí pé sójà ò lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Òótọ́ ni, ibi tó sì ti wá rèé. Rudolph Feres, sójà kan, kú nígbà tí iná jó ibi tí wọ́n ń sùn ní Pine Camp ní New York ní 1947. Wọ́n torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́, Supreme Court sì sọ ní 1950 pé sójà ò lè gba owó lọ́wọ́ ìjọba lọ́nà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Tèmi ni pé ìdájọ́ yẹn le jù fáwọn ẹbí sójà, àmọ́ ó ṣì dúró. Ohun tí kò sọ ni pé kọ́ńpìnnì tó ṣe bíréèkì náà, tó tà á fún Air Force, tí kò sì kọ ìkìlọ̀ kankan sára páálí ẹ̀, ti bọ́. Kọ́ńpìnnì kì í ṣe ìjọba. Àwọn lèèyàn ń pè lẹ́jọ́.

Ẹjọ́ ọ̀hún ò rọrùn o, mi ò ní tàn yín. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Boyle, tó dá lórí pálọ́ọ̀tì Marine kan tí hẹlikópítà ẹ̀ já sómi, Supreme Court fún àwọn tó ń ṣe nǹkan fún ológun ní ibi ìsápamọ́: tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é gan-an, tí wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ti sọ ewu tí àwọn mọ̀ tí ìjọba ò mọ̀ fún ìjọba, wọ́n lè bọ́. Ẹ wo ẹ̀kẹta yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jà lé lórí nínú ẹjọ́ asbestos, torí kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí kò fi kìlọ̀. Ní 2019, nínú ẹjọ́ DeVries, kọ́ọ̀tù náà tún sọ pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí asbestos tí ẹlòmíì máa fi sí i gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nígbà míì. Àmọ́ òfin orí omi ni wọ́n fi dá ìyẹn, bàálù tí wọ́n tún ṣe lórí ilẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ wá lọ́yà tó mọ asbestos, kì í ṣe èyí tó ń ṣe ẹjọ́ mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ pé ó ti pẹ́ jù ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọjọ́ téèyàn mọ̀ pé òun ṣàìsàn ni wọ́n ti ń kà, wọn kì í kà á láti ọjọ́ téèyàn fa eruku símú. Àmọ́ tí kíkà bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró dè yín. California fún èèyàn ní ọdún 1 lẹ́yìn tí àìsàn bá ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ti mọ̀ pé asbestos ló fà á, New York fún un ní ọdún 3 látìgbà tó mọ̀. Tí aláìsàn bá kú, kíkà tuntun tún lè bẹ̀rẹ̀ fún ẹbí ẹ̀.

Àwọn kọ́ńpìnnì kan ti wọko gbèsè, wọ́n sì gbé owó kan sílẹ̀ fáwọn tí asbestos wọn ṣe ní jàǹbá. Johns-Manville ló ṣáájú, ó wọ kọ́ọ̀tù gbèsè ní 1982, àpò owó ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988. Nígbà tí GAO, àwọn tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì yẹ owó wò, máa ṣírò ẹ̀ ní 2011, irú àpò bẹ́ẹ̀ ti tó 60, wọ́n sì ti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 17.5 dọ́là títí di 2010. Ẹ ò ní láti dúró ní kọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó béèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í san gbogbo ẹ̀: ní 2001, ti Manville já wálẹ̀ sí 5 nínú 100 iye tí wọ́n dá lé àìsàn kọ̀ọ̀kan.

Owó àìlera tí VA ń san wá yàtọ̀ pátápátá, kì í ṣe ẹjọ́, kò sì ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì. Asbestos ò sí lára ohun tí wọ́n kàn máa gbà láìbéèrè ẹ̀rí, nítorí náà ohun mẹ́ta ni wọ́n máa fẹ́: ìwé dókítà pé àìsàn wà, ẹ̀rí pé ẹ bá asbestos pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àti ọ̀rọ̀ dókítà tó so méjèèjì pọ̀. Mesothelioma tó ṣì ń ṣọṣẹ́, 100 nínú 100 ni wọ́n ń gbé ìwọ̀n àìlera ẹ̀ sí, iye ẹ̀ ní 2025 jẹ́ 3,831.30 dọ́là lóṣù fún ẹni tó dá wà, kò sì sí owó orí lórí ẹ̀. Opó tí àìsàn yẹn pa ọkọ ẹ̀ lè gba 1,653.07 dọ́là lóṣù ní ọdún kan náà. Àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé táwọn bá pe kọ́ńpìnnì lẹ́jọ́, VA á gba owó ọwọ́ wọn. Owó àìlera yìí kì í wo iye tẹ́ ẹ ní. VA Pension, tí wọ́n ń fún ẹni tí owó ẹ̀ kéré, ló ń wò ó, torí náà ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń gbà.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kì í ṣe sójà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó tún bàálù ṣe ní ibùdó Air Force bíi Tinker ní Oklahoma tàbí Kelly ní Texas jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ò wọ yúnífọ́ọ̀mù. FECA ni tiwọn, ìyẹn òfin tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe tàbí tó kó àìsàn bá, fọ́ọ̀mù CA-2 ni wọ́n máa kọ, ọdún 3 ni wọ́n sì ní látìgbà tí wọ́n mọ̀. Àwọn náà lè pe kọ́ńpìnnì lẹ́jọ́, àmọ́ wọ́n máa dá díẹ̀ padà fún ìjọba tí wọ́n bá jẹ.

Níbi ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. DD-214, ìwé tí wọ́n ń fún sójà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ló ń fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe hàn, ẹ wá a jáde lónìí. Tó bá ti sọnù, St. Louis ni wọ́n ń kó ìwé àwọn sójà sí, iná sì jó ibẹ̀ ní oṣù keje 1973, nǹkan bíi 16 sí 18 mílíọ̀nù fáìlì ló bá a lọ, púpọ̀ nínú ti àwọn Army tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1912 sí 1960 àti púpọ̀ nínú ti Air Force láàárín 1947 sí 1964. Ẹni tí fáìlì ẹ̀ jóná ṣì lè lo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́: VA ní fọ́ọ̀mù 21-10210 fún ìyẹn, kí onítọ̀hún kọ ọdún, ibùdó, irú bàálù, àti bí wọ́n ṣe ń fẹ́ eruku bíréèkì yẹn. Tẹ́ ò bá tíì rí ìwé yín kó jọ tán, ẹ fi fọ́ọ̀mù 21-0966, tó ń sọ pé ẹ fẹ́ béèrè owó, ránṣẹ́ ná, ó máa di ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ mú fún yín fún ọdún kan. Àwọn aṣojú tí VA fọwọ́ sí nínú àwọn ẹgbẹ́ sójà máa ń bá èèyàn kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún.